Iṣẹ́ Ọwọ́ Mi Lára Fíìmù Tí Kò Sọ̀rọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe ní Manchester, mo máa ń dáhùn pé aránṣọ ni mí, àmọ́ n kì í rán aṣọ. Fíìmù ni mo ń tún ṣe. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń wò lórí fóònù o. Fíìmù àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n yà nígbà tí àwọn òbí àwọn òbí mi ṣì wà lọ́mọdé. Àwọn òṣèré inú rẹ̀ á máa la ẹnu, ẹ kò ní í gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kíkọ ló máa ń yọ sójú láàárín eré láti sọ ohun tí wọ́n wí.

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stretford, tí wọ́n ń ro ohun tí wọ́n máa kọ́ ní yunifásítì, ti bi mí rí pé, “Mummy, ṣé iṣẹ́ gidi nìyẹn?” Iṣẹ́ gidi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín, ibi tí mo ti ṣe dáadáa àti ibi tí mo ti ṣubú, nítorí ẹni tó bá fẹ́ yan iṣẹ́ yẹ kó gbọ́ méjèèjì.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí mi. Àbẹ̀kẹ́ ni orúkọ mi. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ọwọ́ òsì ni mo sì fi ń di abẹ́rẹ́ mú. Wọ́n nà mí lórí rẹ̀, wọ́n fi àjákù aṣọ so ọwọ́ náà mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò yí padà. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sísì Dúpẹ́, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní kí n wá bá òun ní Fallowfield. Ilé kan wà láàárín ìlú tí wọ́n ń kó fíìmù àtijọ́ pamọ́ sí, wọ́n sì ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Wọ́n fún mi ní aṣọ tó ya pé kí n rán an kí ojú má rí ibi tó ya. Mo rán an, wọn kò rí i. Wọ́n gbà mí, wọ́n bá mi ṣe work permit. Ọ̀rọ̀ gbígbà sí iṣẹ́ kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ ni Miss Ogden. Obìnrin gíga ni, ó tín-ín-rín, irun rẹ̀ funfun, ó gé e mọ́lẹ̀ bí irun ọkùnrin. Kò lọ́kọ, kò bímọ, ó ti wà nídìí iṣẹ́ náà láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́bìnrin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì la ń bára wa sọ, àmọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ nínú ara mi ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbí.

Fún oṣù mẹ́ta kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan fíìmù gidi kankan. Ó fún mi ní àkísà fíìmù tí kò wúlò mọ́, ó ní kí n máa ya á, kí n sì máa lẹ̀ ẹ́ padà. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ kan wà létí fíìmù tí ẹ̀rọ fi ń fà á. Ihò gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ihò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwòrán á máa gbọ̀n lójú. Màá lẹ̀ ẹ́ tán, màá gbé e fún un. Á gbé e sókè sí ojú fèrèsé, á wò ó, á ya á padà, á fi í lé mi lọ́wọ́. Kò ní bínú, kò sì ní rẹ́rìn-ín. “Lẹ́ẹ̀kan sí i,” á wí. Nígbà mìíràn mo máa ń sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun tí mo sì máa ń sọ fún ara mi ni pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó kọ́ mi láti fi imú mọ fíìmù. Á di mí lójú, á ṣí agolo mẹ́wàá níwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú fíìmù àtijọ́ yẹn, inú ooru ló ti ń bàjẹ́, tó bá sì bàjẹ́ tán, ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Èyí tó ṣì dára kì í rùn púpọ̀. Èyí tó ti fẹ́ bàjẹ́ máa ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ẹni tó rìn nínú òjò. Fún èmi, òórùn ògì tó kan jù ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó bi mí ohun tí ń jẹ́ ògì, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ ohun tí mo ń sọ.

Nígbà tó fún mi ní fíìmù gidi, mo ṣe ohun tí aránṣọ máa ń ṣe. Ibi kan ti ya pálapàla, mo gé àwòrán méjì dànù kí ojú rẹ̀ lè gún, mo lẹ̀ ẹ́ pọ̀ dáadáa. Ó mú un lọ sójú fèrèsé.

“Méjì ti dín níbẹ̀. Níbo ni wọ́n wà?”

“Wọ́n ti ya, mà. Mo jù wọ́n sínú agbọ̀n ìdọ̀tí.”

“Lọ kó wọn wá.”

Mo da agbọ̀n ìdọ̀tí náà sílẹ̀, mo wá wọn títí mo fi rí wọn. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì. Ojú ọkùnrin kan ló wà nínú wọn, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò tíì rín in.

“Gbogbo àwọn tó wà níbí ti kú,” ó wí. “Ibi tó kù tí wọ́n wà láyé nìyí. Bí o bá gé e dànù, o ti mú un kúrò níbẹ̀. Bó ti wù kó ya tó, dá a padà sí ààyè rẹ̀.”

N kò tún gé nǹkan kan dànù mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹnì kejì tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni Adémọ́lá. Òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá tútù tí a ń kó fíìmù sí, òun ló sì ń gbé agolo lọ gbé e bọ̀. Ẹnjiníà ni bàbá rẹ̀, ará Ìjẹ̀bú tó ti wá síbí lẹ́yìn òmìnira tí kò padà mọ́. Manchester ni wọ́n bí Adémọ́lá sí, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń ṣẹ́ ní orúnkún bí ẹni tó wọ bàtà tó tóbi jù. “You alright, Àbẹ̀kẹ́? Ṣé o ti jẹun?” Bó ṣe máa ń kí mi láràárọ̀ nìyẹn. Bí mo bá ní n kò tíì jẹun, á pín búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, á fún mi ní èyí tó tóbi.

Eré ìfẹ́ ló pọ̀ jù nínú fíìmù tó ń kọjá lọ́wọ́ wa, ìfẹ́ tí ẹ̀rí ọkàn ń fa aṣọ mọ́ lọ́rùn. Ọmọbìnrin kan fẹ́ fẹ́ ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ rán lọ sẹ́wọ̀n. Ìyàwó àlùfáà kan rí lẹ́tà tí kò yẹ kó rí, kò mọ̀ bóyá kó jó o tàbí kó kà á. Adémọ́lá kọ́kọ́ máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n ń ju ọwọ́ jù, wọ́n ń yí ojú jù.

“Má wo ọwọ́,” mo sọ fún un. “Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọn ò ní ohùn tí wọ́n lè fi parọ́.”

Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ìgbà náà, ó máa ń wá dúró lẹ́yìn àga mi lọ́sàn-án láti wo ibi tí mo bá dé.

Ní ọdún kejì mi, wọ́n kó agolo márùn-ún wá láti òkè àjà ilé ìsìn kan tí wọ́n ti tì pa lẹ́bàá Dobcross, lórí òkè níbi tí àwọn ahunṣọ ń gbé látijọ́. Agbègbè ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ya eré náà. A kò rí àkọlé rẹ̀, a kò sì gbọ́ pé ẹ̀dà rẹ̀ mìíràn wà níbikíbi. Ahunṣọ la ń pè é.

Ìtàn rẹ̀ nìyí. Ahunṣọ ni Ellen. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bá ọ̀gá ilé-ìhunṣọ jà, ó sì fi àtùpà ti iná bọ ilé tí wọ́n ń kó òwú sí. Àfẹ́sọ́nà Ellen sáré wọlé láti pa iná náà, fìlà rẹ̀ bọ́ síbẹ̀, fìlà yẹn sì ni wọ́n fi mú un. Ellen rí àtùpà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ìyá wọn, tó wà lórí àìsàn, gbé ọwọ́ Ellen lé Bíbélì pé kò gbọdọ̀ sọ. Ní ìparí agolo kẹrin, wọ́n ń mú ọkùnrin náà lọ, Ellen sì dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó. Inú agolo karùn-ún ló ti ṣe ìpinnu rẹ̀.

Àwa mẹ́ta la wo agolo karùn-ún yẹn lórí tábìlì tó ní gíláàsì àti iná lábẹ́, Miss Ogden, Adémọ́lá àti èmi. Miss Ogden rọra ń yí i, àwa méjì na ọrùn. Ó tán. Miss Ogden wá ní kí a tún gbogbo rẹ̀ ṣe kí wọ́n lè da ẹ̀dà rẹ̀ sórí fíìmù tuntun. Mo tún mẹ́rin àkọ́kọ́ ṣe, wọ́n da ẹ̀dà wọn. Ó ku ìkarùn-ún.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Good Friday. Òtútù mú, hítà ń ṣiṣẹ́. Ó wù mí kí n tún wo ibi tí Ellen ti gba àárín àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ kọjá. Òfin wa ni pé Miss Ogden tàbí Adémọ́lá nìkan ló lè gbé agolo jáde. Mo tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Adémọ́lá, kò sì bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo gbé agolo karùn-ún jáde, mo wò ó, mo ká a padà. Bí mo ṣe ń dé ìdérí rẹ̀ ni wọ́n pè mí sí tẹlifóònù. Sísì Dúpẹ́ ni. Ọmọ fẹ́ dé ṣáájú àkókò, ọkọ rẹ̀ kò sì sí nílùú.

Mo gbé agolo náà sórí pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, lápá òsì mi. Mo ní màá sọ fún Adémọ́lá kó gbé e wọlé. N kò sọ fún un. Mo sáré jáde, mo gbàgbé pátápátá. Páìpù hítà gba abẹ́ pẹpẹ yẹn kọjá, a sì ti ilé iṣẹ́ pa fún ọjọ́ mẹ́rin.

Sísì Dúpẹ́ bí ọmọbìnrin láyọ̀. Gbogbo ọjọ́ mẹ́rin yẹn, mo ń kọrin.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òórùn ògì kíkan ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Miss Ogden ti débẹ̀. Fíìmù náà ti yọ́ bí oyin, ó ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ di òdindi kan. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè tú u. Bó bá gbiná ni, gbogbo ilé náà ni ì bá jó, pẹ̀lú gbogbo ojú tó wà nínú rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó tì í bọ inú garawa omi. Ó padà wọlé, ó pe gbogbo wa jọ.

“Ta ló gbé e jáde?”

Ẹnu mi là, ohùn kò jáde. Adémọ́lá ti ṣíwájú mi.

“Èmi ni, Miss Ogden. Mo gbé e jáde, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.”

Miss Ogden wò ó. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí i. “Fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Máa lọ sílé.”

Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń wọ kóòtù rẹ̀. “Adémọ́lá, kí lo ṣe yẹn?”

“Ìwé ẹ so mọ́ iṣẹ́ yìí,” ó wí. “Wọ́n lè dá ẹ padà. Èmi, where are they going to send me? Wọ́n bí mi síbí. Dákẹ́, jọ̀ọ́.”

Mo dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dákẹ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni kí n yẹ ẹ̀dà agolo kẹrin wò, àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ibi tí Ellen dúró lójú fèrèsé kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, àmọ́ nínú irú fíìmù yẹn, àwòrán mẹ́rìndínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ojú kan náà ni mo ń wò. N kò lè jẹun. Níkẹyìn mo sọ ọ́ fún Sísì Dúpẹ́. Ó gbé ọmọ tuntun sáyà.

“Má sọ ọ́,” ni ohun tó kọ́kọ́ wí. “Bí wọ́n bá dá ẹ padà, kí ni màá wí fún Màámi? Èmi ni mo pè ẹ́ wá.”

“Sísì, nítorí mi ni wọ́n ṣe lé e.”

“Ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ kọ́ lo ní kó sọ ọ́.” Ó di ọwọ́ mi mú. “Àbẹ̀kẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Nítorí ọmọ yìí, má sọ ọ́.”

Ó fẹ́ràn mi, ẹ̀rù sì ń bà á. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹni tó kórìíra rẹ ní kí o ṣe ohun tí kò dára. Ìyẹn rọrùn láti kọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ ni apá kì í ká.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọjá láàárín àwọn pẹpẹ agolo lọ sí yàrá Miss Ogden. Mo kan ilẹ̀kùn.

“Miss Ogden, èmi ni mo gbé agolo karùn-ún síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni Adémọ́lá fún mi, kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.”

Ó fi bírò rẹ̀ lélẹ̀. “Mo mọ̀.”

Mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa.

“Bó ti yọ́ tó, mo rí i pé ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ká a,” ó wí. “Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi ọwọ́ òsì ká fíìmù nínú ilé yìí. Mo ti mọ̀ kí n tó béèrè.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́?”

“Mo lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lẹ fíìmù. Èyí, n kò lè kọ́ ọ.” Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde. “Ìwé ìdádúró Adémọ́lá rèé. N kò tíì fi ránṣẹ́. Òun náà parọ́ fún mi, mo sì fẹ́ kó jókòó ti irọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.” Ó ya ìwé náà sí méjì. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó ya nǹkan tí kò ní kí n lẹ̀ padà nìyẹn.

Kò lé mi. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì fíìmù náà pé ọwọ́ mi ni agolo karùn-ún ti bàjẹ́, ó kọ orúkọ mi síbẹ̀ ní kíkún, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Fún oṣù mẹ́sàn-án n kò fọwọ́ kan fíìmù. Agolo òfìfo ni mo ń fọ̀.

Mo lọ wá Adémọ́lá lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ti rí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan nínú ilé ìtajà ńlá Stretford, ó ń to páálí. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ojú rẹ̀ le.

“O ti sọ fún un? So kí ni mo wá ṣe é fún?”

“O ṣe é nítorí mi. Mo mọ̀.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àbẹ̀kẹ́. Bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní mo dójú ti òun. Mo gbà á, nítorí ẹ.”

“Ìdí tí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn,” mo wí. “Mi ò lè fẹ́ ẹni tí mo gbé ẹ̀bi mi lé lórí. Mi ò ní lè wojú ẹ̀.”

Ó gbé páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Oníbàárà kan béèrè ibi tí ṣúgà wà, kò gbọ́.

“Fẹ́?” ó wí. “Ṣé o ní fẹ́?”

Ojú tì mí. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un rí, òun náà kò sì tíì sọ ọ́ fún mi. Mo fi ọ̀nà ṣúgà han oníbàárà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ibi tó wà.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo lọ bẹ bàbá rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá ní kí n dìde, wọ́n ní ọmọ tó bá lè sọ èyí, ó lè gbé ilé. A ṣe ìgbéyàwó lọ́dún kejì. Sísì Dúpẹ́ ló rán aṣọ mi. Miss Ogden dé fìlà aláwọ̀ ewé kan, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí tí wọ́n fi gbé jọ́lọ́ọ̀fù wá. Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn ìyẹn ló kú. Ó fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Abẹ, búrọ́ọ̀ṣì àti gúlú ni mo bá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń fọ fíìmù fúnra rẹ̀ dé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ tó ń ka àwòrán kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà, àwọn ọmọ tí mo lè bí ló kọ́ mi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń fi imú mọ fíìmù, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà nu ojú àwòrán tó ti ní àpá. N kò ní bá wọn sọ pé ti àtijọ́ ló dára jù. Ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, wọ́n ń ṣe é láàárín wákàtí kan, ó sì ń mọ́ ju tèmi lọ.

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì, ọ̀gá wa tuntun, Hannah, pè mí sí yàrá rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Àwọn ará Dobcross fẹ́ kí a wá fi Ahunṣọ hàn wọ́n ní gbọ̀ngàn abúlé wọn. Ó ní òun ní ohun kan láti fún mi kí n tó lọ. Ó tan kọ̀ǹpútà. Ellen yọ sójú, ó ń gba àárín àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ kọjá.

Mo sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan mo mọ̀ pé kì í ṣe òun.

“Kọ̀ǹpútà ló ṣe é,” Hannah wí. “A fún un ní agolo mẹ́rin àkọ́kọ́ àti ìlà mẹ́ta tí Miss Ogden kọ nípa ìkarùn-ún. A lè ṣe gbogbo rẹ̀ báyìí. Ẹ kò ní í máa ru ẹrù yẹn mọ́, Mummy.” Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ Mummy lẹ́nu Adémọ́lá.

Mo wò ó dópin. Ó rẹwà. Obìnrin inú rẹ̀ ń rìn bí ayaba, omijé kan ṣoṣo bọ́ lójú rẹ̀. Àánú ló ṣe Hannah tó fi ṣe é, mo sì rí i. Ó wù mí kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbàdúrà pé kí agolo náà padà wá, wọ́n sì gbé e wá fún mi yìí.

“O ṣeun, ọmọ mi,” mo wí. “Ó rẹwà. Àmọ́ obìnrin yẹn kò rìn báyìí. Ó kọsẹ̀. Ó di ẹ̀rọ kan mú kó má bàa ṣubú.”

“Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi mọ̀.”

Ó pa kọ̀ǹpútà náà. Ó bi mí kí la máa wá fi hàn wọ́n. Mo ní kó jẹ́ kí òkùnkùn wà níbẹ̀, kó kọ ọ́ sójú pé ìyókù ti bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, màá sì dìde sọ ohun tí mo rí.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Adémọ́lá ló wa mọ́tò gun òkè lọ sí Dobcross. Gbọ̀ngàn náà kún fún àwọn àgbàlagbà, ẹlòmíràn nínú wọn ní ìyá ìyá òun jẹ́ ahunṣọ níbẹ̀. Nígbà tí agolo kẹrin parí, òkùnkùn dé, mo dìde. Mo sọ orúkọ mi, mo sọ pé èmi ni mo ba ìyókù jẹ́. Lẹ́yìn náà mo sọ ọ́ fún wọn: bí Ellen ṣe kọsẹ̀, bí àwọn ahunṣọ ṣe dá ẹ̀rọ dúró lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń wò ó, bó ṣe gbé ọwọ́ lé tábìlì adájọ́, tí ọ̀rọ̀ kíkọ sì jáde pé, “Àbúrò mi ni.” Mo sọ bí wọ́n ṣe tú ọkùnrin náà sílẹ̀, tó na ọwọ́ sí Ellen, tí Ellen sì mi orí, tó ń lọ sílé sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin náà wá jókòó tì í. Ó parí síbẹ̀.

Ìyá arúgbó kan níwájú na ọwọ́. “Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó dárí jì í?”

“Ilẹ̀kùn náà wà ní títì, mà,” mo dáhùn. Bí mo ti ṣe ń rántí rẹ̀ nìyẹn fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Mo lọ jókòó.

Adémọ́lá tẹ orí sí etí mi. “Àbẹ̀kẹ́, ajá yẹn ńkọ́?”

“Ajá wo?”

“Ajá kékeré yẹn. Ó wá gbé orí lé ẹsẹ̀ Ellen, ní ìparí gan-an.”

Mo pa ojú dé, mo sì rí i. Ajá kékeré kan, etí rẹ̀ kan dúdú. Láti inú àwọn agolo ìṣáájú ni mo ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá wọn ló máa ń sùn sí. Mo tún dìde. Ojú gbogbo wọn padà sọ́dọ̀ mi.

“Ẹ má bínú,” mo wí. “Mo fo ibì kan. Ajá ìyá náà jáde wá bá Ellen lórí àtẹ̀gùn.”

Ìyá arúgbó náà tún na ọwọ́. “Láti inú ilé?”

“Láti inú ilé, mà.”

“A jẹ́ pé ẹnì kan ṣílẹ̀kùn fún un,” ó wí.